Lẹ́yìn "Òkun O": Ìgbà Wo Ni Ara Rẹ Dá Gbẹ̀yìn?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin àti àwọn ìyá wọn sọ ní Kàbà. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá.)

Òkun o, ẹ̀yin ìyá mi. Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìyàrà àti Ògìdì. Ẹ̀yin tí ẹ gun ọ̀kadà láti abúlé Bùnú láàárọ̀ yìí, mo rí eruku ọ̀nà lára aṣọ yín. Ẹ kú ìrìn.

Orí ìkíni yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn Yorùbá ibòmíràn máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún ohun gbogbo. Ẹni tó ń roko, òkun. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, òkun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, òkun. Ọmọbìnrin tó ká jọ sórí ẹní tó ń di ikùn mú, òkun. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ láti Yàgbà dé Ọ̀wọ̀rọ̀. Àmọ́ nínú ọdún 31 tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo rí i pé òun náà la fi ń pa àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu mọ́. "Òkun o, pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo obìnrin." Ọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan sí i.

Àbúrò mi ni mo máa kọ́kọ́ sọ, ó ti gbà kí n sọ ọ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í lọ sílé ìwé. Oníkẹ́míìsì ní ibà ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un títí ìdí rẹ̀ fi le. Wòlíì kan ní ọkọ òru ni. Ìyá wa ní tó bá ti lọ́kọ tó sì bímọ, á lọ. Èmi nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo ní kó yé kẹ́ ara rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mo sọ ọ́, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ó ti pé ọmọ ọdún 23 kí dókítà kan tó fi bírò sílẹ̀, tó sì bi í pé: "Lásìkò nǹkan oṣù, ṣé ìgbẹ́ yíyà náà máa ń dùn ọ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ̀yìn ńkọ́? Itan ńkọ́? Láti ìgbà wo?" Bí wọ́n ṣe tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ títí wọ́n fi bá a nìyẹn. Endometriosis ni wọ́n ń pè é. Ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù sí ìta ilé ọmọ, lára ìfun, lára ibi tí ẹyin wà. Bí oṣù bá ti dé, òun náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nínú obìnrin 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ọ̀kan ní in, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú gbọ̀ngán yìí, kí ẹ sì wo iye ọkọ òru tí a ti lé kúrò lára wọn.

Nítorí àbúrò mi yìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn kan ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní functional medicine. Jeffrey Bland, onímọ̀ kan nípa bí kẹ́míkà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ló wà nídìí rẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún náà gan-an tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì ṣì ń wá ẹsẹ̀ wọn. Ní 2014, ilé ìwòsàn ńlá kan tó ń jẹ́ Cleveland Clinic ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ fún un.

Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro. Wọ́n ní orúkọ àìsàn nìkan kò tó, kí a béèrè ohun tó jẹ́ kí ó ráyè wọlé. Wọ́n pín ìbéèrè náà sí mẹ́ta, ó sì dà bíi pé oko wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ rò ó bí iná ìgbẹ́ ìgbà ọyẹ́. Koríko ti gbẹ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀: ìyẹn ni ohun tí a bí mọ́ni, tàbí ohun tó ti wà lára láti kékeré. Ẹnìkan wá ju ìṣáná sí i: àìsàn kan, ìbímọ kan, ọ̀fọ̀ kan, oògùn kan. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ, tí kò jẹ́ kó kú: àìsùn, ebi, ìdààmú ọkàn, ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ tí a ò kà sí. Ẹni tó bá ń da omi sí ibi tí èéfín ti ń jáde nìkan, àárọ̀ ọ̀la ni iná náà máa tún yọ.

Ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ṣe àkọlé yìí. "Ìgbà wo ni ara rẹ dá gbẹ̀yìn?" Wọn kì í bi í pé "kí ló ń ṣe ọ́ lónìí." Aláìsàn á ronú padà sẹ́yìn, á sì ka àwọn ọdún náà bọ̀ wá síwájú. Wọ́n lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn nìkan. Ní tiwa ńbí, ẹ̀yin náà mọ̀, kí o tó jókòó dáadáa wọ́n ti ń kọ oògùn.

Àmọ́ ẹ dúró. Mi ò wá bá wọn polówó ọjà. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń bá àwọn onífunctional medicine jà, ẹjọ́ wọn sì jóòótọ́ níbi púpọ̀. Àwọn kan nínú wọn á tọ́jú rẹ pẹ̀lú àyẹ̀wò olówó gọbọi tí kò ní ẹ̀rí. Wọ́n á ní oúnjẹ 40 lára rẹ kọ̀, nítorí àyẹ̀wò IgG, ìyẹn àmì kan tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ nípa ohun tí ara ń kọ̀ ti sọ pé IgG kàn ń fi hàn pé o ti jẹ oúnjẹ náà rí ni. Wọ́n á ní adrenal rẹ, ohun kékeré orí kíndìnrín tó ń ṣe họ́mọ̀nù, ló ti rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà họ́mọ̀nù kò gbà pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n á wá tà ọ́ ní àpò ike 11 tó kún fún oògùn fítámì. Mo rí ọmọ kan tó ń sanwó irú rẹ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Lokoja. Èmi mú ìbéèrè wọn, mo fi ọjà wọn sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìbéèrè náà ṣiṣẹ́. Ọmọ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo kó pọ̀ sí ara ẹyọ ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wo ọmọ aládùúgbò. Ọmọ ọdún 20 ni, ó ń kàwé. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òòyì ń kọ́ ọ. Bó bá gun àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì. Irun rẹ̀ ń já. Yìnyín ló sì máa ń wù ú jẹ, yìnyín líle, á máa rún un bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín nílé.

Kí ni wọ́n sọ fún un? Ẹ̀yin náà lè dáhùn. (Gbogbo gbọ̀ngán dáhùn pọ̀: "Ibà àti taifọ́ọ̀dù!")

Ẹ ṣeun. Àyẹ̀wò taifọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe fún wa yẹn, Widal, láti 1896 ló ti wà. Kì í ṣe kòkòrò taifọ́ọ̀dù ló ń wá, ohun tí ara fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti àìsàn tó ti lọ tipẹ́, tàbí láti àìsàn mìíràn pátápátá. Ní ilẹ̀ tí taifọ́ọ̀dù wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ṣe é kó jáde. Láti 2010 ni WHO sì ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà kí wọ́n tó lo oògùn ibà. Ìgbà mélòó ni wọ́n yẹ tiyín wò?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ náà, ká ka ìtàn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ ọdún 12 ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ọjọ́ mẹ́jọ ló máa ń lò, ó máa ń yí pádì láàárín wákàtí méjì, ẹ̀jẹ̀ dídì sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Koríko gbígbẹ nìyẹn. Ọmọ ọdún 16, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó ń lò ó láìjẹun. Lẹ́yìn ọdún kan inú òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, torí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá egbò sínú ikùn, egbò náà á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ìṣáná nìyẹn. Nígbà tí inú ń ta á, ó jáwọ́ nínú ẹ̀wà àti ẹran. Nígbà tó fẹ́ kàwé lóru, ó ń mu tíì lẹ́yìn oúnjẹ, tíì sì máa ń dín irin tí ara ń gbà nínú oúnjẹ kù. Ọyẹ́ nìyẹn, ó ń fẹ́.

Wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ó jẹ́ 36, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ tó, máa lọ. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí. PCV dà bí iṣu tó wà lórí àtẹ lọ́jà. Àwọn iṣu tó kù sí inú àká, àyẹ̀wò mìíràn ló ń kà á, ferritin ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ lè kó gbogbo iṣu àká rẹ̀ sórí àtẹ, kí àtẹ náà kún fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má sì sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù nílé. WHO ní bí ferritin obìnrin tí ara rẹ̀ dá bá kéré sí 15, àká ti gbẹ. Bí àìsàn tó ń mú ara gbóná bá wà lára rẹ̀, ó lè gòkè lọ́nà ẹ̀tàn, nítorí náà 70 ni wọ́n fi ṣe ààlà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àyà tó ń lù, irun tó ń já, yìnyín tó ń wù ú, àká gbígbẹ ló ń ké. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé 58 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Àwọn tí àtẹ wọn ti ṣófo nìyẹn. Wọn kò tíì ka àwọn tí àtẹ wọn ṣì kún.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le. Oògùn aran, oògùn irin tí dókítà kọ, pẹ̀lú ọsàn, kì í ṣe pẹ̀lú tíì tàbí mílíìkì. Ìgbẹ́ á dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ oṣù fi ń pọ̀ bẹ́ẹ̀, àti egbò inú yẹn, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pọnmi sí.

Àwọn tó kù, mo máa sáré sọ wọ́n. Gẹ̀gẹ̀ kékeré tí kò tíì hàn sí ojú lè mú kí òtútù máa mú ọ lọ́sàn-án, kí o sanra láìjẹun púpọ̀, kí nǹkan oṣù pọ̀. Tàbí kó ṣe òdìkejì, kí o máa rù, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló ń fi í hàn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fítámì kan tó ń jẹ́ biotin mì nítorí irun àti èékánná, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín, torí biotin lè yí èsì àyẹ̀wò gẹ̀gẹ̀ padà. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 2017. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń fo oṣù méjì mẹ́ta, tí irùngbọ̀n ń hù, tí rorẹ́ ojú kò lọ, kó béèrè nípa PCOS, ìyẹn àìsàn kan tó ń da họ́mọ̀nù obìnrin rú. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní obìnrin onírùngbọ̀n á lówó. Ó lè lówó lóòótọ́, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ná. Ẹni tí egungun ń ro ní ìgbà òtútù láti kékeré, tí wọ́n ń pè é ní làkúrègbé, kó tún jíínótáìpù rẹ̀ yẹ̀ wò ní ibòmíràn, nítorí fòníkú-fọ̀ladìde oríṣi SC lè fara pamọ́ di ìgbà àgbà, bébà tí wọ́n sì fún ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ irọ́.

Ìpara ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Bí mo bá béèrè, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ń bóra. "Mo kàn ń tọ́ ọ ni." Ó dáa, ẹ̀yin ń tọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìpara tí a ń pò ní ọjà ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, èyí tó ń gba awọ wọlé sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á wú, ara á sanra sí ikùn, nǹkan oṣù á dàrú, ìfúnpá á ga, bí o bá sì dá a dúró lójijì, agbára á tán lára rẹ pátápátá. Òmíràn ní mẹ́kúrì, òun a máa ba kíndìnrín jẹ́, a máa gba oorun lójú ẹni. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan. Inú báàgì rẹ̀ ni àìsàn wà.

Omi odò ni ìkejì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ọmọkùnrin máa ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa fi yangàn pé àwọn ti dàgbà. Àtọ̀sí ajá ni. Ara ìgbín inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, á gba awọ ẹni tó ń fọ aṣọ tàbí tó ń pọnmi wọlé. Àwa obìnrin kì í sọ pé tiwa náà ń pọ́n. Ẹyin rẹ̀ máa ń dúró sí ojú ara àti ẹnu ilé ọmọ, á máa yún, á máa dun ni, ẹ̀jẹ̀ lè yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. WHO fojú bù ú pé mílíọ̀nù 56 obìnrin àti ọmọbìnrin ló ní in, ní Áfíríkà jù lọ. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, àtọ̀sí gidi ni wọ́n ń rò, wọ́n á wá máa bi ọmọ náà pé ta ló kó o fún ọ. Ojú á tì í, kò ní padà wá mọ́. Kí wọ́n bi í pé "odò wo lo ń lọ nígbà tí o wà ní kékeré?" ni ì bá ti tó. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan oògùn praziquantel ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ọkàn náà wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé inú orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi bẹ́ẹ̀ pa obìnrin lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ hysteria gan-an, tí wọ́n fi máa ń pe àìsàn obìnrin tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, ilé ọmọ ni orúkọ rẹ̀ ti wá ní èdè Gíríìkì, ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 1960, dókítà ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn nínú orí wọn bí ata, tí wọn kò lè rántí ohun tí wọ́n kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń pè é ní brain fag. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ̀rù ìdílé wà léjìká wọn: gbogbo ẹbí ló ń ta iṣu láti rán wọn níwèé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mọ orí tí mo ń sọ. Irọ́ kọ́ ni gbígbóná yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́nu ń gbà jáde ni.

Ìyá kan na ọwọ́ níbí, wọ́n ní: "Mátíróònù, tí a bá kó gbogbo ìtàn yìí dé iwájú dókítà, ṣé wọ́n á gbọ́ ni? Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn."

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Wọn kò ní wákàtí kan láti fún yín. Nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e lọ ní kíkọ, ojú ìwé kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà tó ń yára á fi ìṣẹ́jú kan kà á. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ ju kí ọmọ máa sunkún. Ohun kan ṣoṣo: ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé, tí apá kan ikùn sì ń dùn ún, tí ojú ń ṣú u, ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń sọ fún un pé kó kú, kí ó má jókòó máa kọ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ mú ìwé tí mo ní kí ẹ mú wá jáde. Ẹni tí kò ní bírò, ó wà lọ́wọ́ ọmọ tó wọ búlúù lẹ́yìn yẹn. Ẹ fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní òkè, ẹ kọ ọdún tí wọ́n bí yín, àti odò tí ẹ ń pọn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ kọ ọdún tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́, iye pádì. Gbogbo oògùn, ìpara, àgbo àti abẹ́rẹ́ tí ẹ rántí, ẹ fi ọdún rẹ̀ sí i. Ọ̀fọ̀ àti ìdánwò náà, ẹ kọ ọ́. Ẹ wá wá ọdún tí ara yín dá gbẹ̀yìn, kí ẹ fi ìlà yí i ká.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe wo ojú ìwé wọn. Tiyín náà wà níwájú yín.